Ẹ má fi sìmẹ́ǹtì pa ilé amọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń tún ọgbà sinimá àtijọ́ ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹbí kan pè mí kí n wá wo ọgbà sinimá tí bàbá àgbà wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Gbọ̀ngàn ńlá kan ló wà níbẹ̀, yàrá kékeré lókè tí ẹ̀rọ fíìmù ń gbé, ihò tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, àti àgbàlá tí igi máńgòrò méjì dúró sí. Wọ́n fẹ́ kó di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ á ti máa kọ́ṣẹ́ lọ́sàn-án, kí wọ́n sì máa ṣeré níbẹ̀ lálẹ́. Èrò dáadáa ni. Ìlú tó bí Paulin Soumanou Vieyra ní 1925, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà, kò yẹ kó máa wo ilé sinimá rẹ̀ níran títí yóò fi wó.

Àmọ́ kí n tó dé, ogójì àpò sìmẹ́ǹtì ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti fi rọ́bà bò ó. Mo bi wọ́n pé ta ló ń ṣàìsàn tí ẹ ti ra oògùn sílẹ̀.

Ìyá ilé ní, "Ògiri ni, ọmọ mi. Ó ń tú."

Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó burú jù ti ń bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ Àjàṣẹ́, títí kan ilé olókè tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá kọ́, amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, wọ́n wá fi ẹfun sísun tí àwa màsọ́n ń pè ní ṣóò rẹ́ ẹ lójú. Ògiri amọ̀ ń mí. Lásìkò òjò, omi ń ti inú ilẹ̀ gòkè wá sínú rẹ̀. Bí oòrùn bá yọ, omi náà á gba ojú ṣóò jáde. Bí ẹ bá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ẹ ti dí i nímú. Omi tí kò rọ́nà jáde á máa gun òkè sí i, amọ̀ inú á máa rọ̀, ojú ògiri á sì máa dán. Ẹ ó rò pé ẹ ti ṣe bẹbẹ. Kàró, ìyẹn táìlì, tí àwọn mìíràn ń lẹ̀ mọ́ ògiri títí dé ìbàdí, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe.

Mo mọ̀ ọ́n torí mo ti ṣe é. Mo ṣì ń kọ́ṣẹ́ nígbà náà, àǹtí mi ní kí n bá òun tún ìdí ògiri yàrá òun ṣe. Mo da sìmẹ́ǹtì lé e, mo fi igi nà án títí ó fi tẹ́jú. Gbogbo ilé ń kí mi kú iṣẹ́. Òjò ọdún kejì, odidi abala kan tó gùn tó ilẹ̀kùn já lulẹ̀ lóru. Nígbà tí mo yí i padà, amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó ìka mẹ́rin. Sìmẹ́ǹtì kò fọ́ rárá. Ògiri ló gbé lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí tiyín dé, ẹ fi oríkèé ìka kan ògiri láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ibi tó bá dún gidi, ó ṣì dì mọ́ra. Ibi tó bá dún bí àgbá òfìfo, afẹ́fẹ́ ti wà láàárín sìmẹ́ǹtì àti amọ̀. Ẹ ṣí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi òòlù ńlá lù ú, kí ẹ sì jẹ́ kí ògiri gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Amọ̀ bíi tirẹ̀ ni kí ẹ fi dí ihò, kí ẹ wá fi ṣóò àti iyanrìn rẹ́ ẹ. Sùúrù ló ń gbà, owó rẹ̀ kò sì tó èyí tí ẹ rò. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: sìmẹ́ǹtì ṣíṣe nìkan ló ń tú bí ìpín 8 nínú 100 kábọ́nì tí ọmọ ènìyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ káyé. Ògiri tí a kò wó, a ò ní ra bíríkì tí a ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní amọ̀ kì í pẹ́, kó wọ mọ́tò lọ sí Kétu lọ wo Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè amọ̀ àtijọ́ ìlú náà.

Ilẹ̀ gbọ̀ngàn ló tẹ̀lé e. Ilẹ̀ sinimá máa ń dagẹ̀rẹ̀, kí orí ẹni iwájú má baà dí ti ẹ̀yìn lójú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ẹbí náà ni pé kí wọ́n kó iyanrìn kún un, kí wọ́n da kọnkéré sórí rẹ̀, kó tẹ́jú. Ilẹ̀ tuntun yẹn á ga ju òkúta ìpìlẹ̀ lọ, amọ̀ á wá máa jókòó sínú ọ̀rinrin. Pákó la fi tẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, a sì fi ìyókù sílẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ fún àwọn òǹwòran. Ẹ wo ìta náà o: bí wọ́n bá ti fi òkúta pavé tẹ́ òpópó àdúgbò yín, ó ṣeé ṣe kí òpópó ti ga ju ẹnu ọ̀nà yín lọ, kí gbogbo omi àdúgbò sì ti máa wá kí yín nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá pè mí pé kí òjò kan rọ̀ lójú wọn ná. Àkókò òjò méjì là ń ní lọ́dọ̀ wa, èyí tó gùn láti oṣù kẹrin sí ìkeje àti èyí kékeré láti oṣù kẹsàn-án sí ìkọkànlá. Kò sẹ́ni tí yóò dúró jù. Mo fún àwọn ọmọ ilé náà ní ẹfun ìkọ̀wé pé kí wọ́n máa fi sàmì síbi tí omi bá dé. Lọ́jọ́ kejì a rí i pé ohun tí ìyá ilé ń pè ní ògiri tó ń tú, gọ́tà kan ṣoṣo tó já ni. Ìṣirò tó tẹ̀lé e kò le: mílímítà òjò kan lórí mítà onígun kan jẹ́ lítà kan. Òrùlé tó fẹ̀ tó mítà onígun 400, bí òjò mílímítà 20 bá rọ̀ sí i, lítà 8000 ni. Omi tó ń wó ilé yẹn tó láti fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti láti fi bomi rin àgbàlá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ti wo nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní kí a ṣe bíi ti ufaFabrik ní Berlin. Ó mọ ohun tó ń sọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà fíìmù tẹ́lẹ̀ ni ọgbà yẹn, ní Tempelhof. Àwọn èèyàn wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹfà 1979, wọ́n sọ ọ́ di ilé eré, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé búrẹ́dì, wọ́n gbin ewéko sórí òrùlé, wọ́n gbé sólà sókè, wọ́n ń gba omi òjò. Ẹ kọ́ ẹ̀kọ́ omi òjò lọ́dọ̀ wọn. Ewéko orí òrùlé yẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Páànù tó jókòó sórí igi tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀, ta ló fẹ́ gbé erùpẹ̀ tútù lé e? Sólà náà, ẹ fi ọ̀bẹ gún igi òrùlé wò ná. Pánẹ́ẹ̀lì kan lè wúwo tó kílò 20.

Gbọ̀ngàn sinimá kò ní fèrèsé torí òkùnkùn ni wọ́n fẹ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ fi kílímà (ẹ̀rọ amúlétutù) mẹ́rin yanjú ìyẹn, iná á wá máa jẹ gbogbo owó tí ọgbà bá pa. Ooru ń lọ sókè. Ẹ ṣí ihò sókè ògiri lẹ́yìn àti níwájú, ẹ fi sílíìnì pákó sábẹ́ páànù, kí àlàfo wà láàárín wọn, ẹ má sì gé máńgòrò. Wọ́n ti ń bẹ ẹni tí yóò gé e wò kí n tó dé.

Èyí tó kàn kì í ṣe àwàdà. Bí páànù eérú tó nípọn tó sì ti gbó bá wà lórí àwọn yàrá ẹ̀yìn, ẹ fura sí amiante, ìyẹn asbestos. Ẹ má gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi bùrọ́ọ̀ṣì ha á. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè tó ogún ọdún kó tó yọjú. Ẹ wá ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń kó o.

Fíìmù tí ẹ bá rí nínú yàrá ẹ̀rọ ńkọ́? Wọ́n ti fẹ́ dáná sun ún pẹ̀lú pàǹtírí. Fíìmù naítíréètì tí wọ́n ń lò títí dé nǹkan bíi 1951, bó bá gbaná, omi kò lè pa á. Èyí tó wá lẹ́yìn rẹ̀ kì í jó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bó bá ń bàjẹ́, á máa rùn bí ọtí kíkan. Ẹ gbé méjèèjì kúrò lóòrùn, ẹ má yí wọn nínú ẹ̀rọ, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ nípa ohun àjogúnbá. Ìlú wa náà ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn, École du Patrimoine Africain, wà láti 1998.

Kí ẹ má sì fi bíríkì gé gbọ̀ngàn sí yàrá mẹ́wàá. Àyè tí kò ní òpó láàárín yẹn ni gbogbo ọrọ̀ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló kù. Mo ti rí ilé Àgùdà tó wó torí pé ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tún ohun tí kì í ṣe tòun nìkan ṣe. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i, kí màsọ́n tó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣe ìpàdé tiwa, ọtí ṣòdábì kò sì lọ lásán.

Ogójì àpò sìmẹ́ǹtì ọjọ́sí? A fi mọ́kànlá ṣe ìdí táǹkì omi òjò àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyókù, ìyá ilé tà á fún àbúrò rẹ̀ tó ń kọ́lé ní Ouando.