Ìbẹ̀rù ìjákulẹ̀: àwọn àṣìṣe tó ń da eléré ìdárayá láàmú

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ fún ọmọ tí àyà rẹ̀ ń já pé "má bẹ̀rù." Àyà kì í gbọ́ àṣẹ. Bó bá ń lù kìkì, tí àtẹ́lẹwọ́ ń làágùn, ara ń múra iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ẹni tó bá kà á sí àmì pé òun ti pàdánù, ìgbà yẹn gan-an lẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ jáde, kó mí kanlẹ̀, kó sì padà sórí ohun tó ti kọ́.

Ẹ má sì ti orí ìlà máa wo àmì ẹ̀yẹ. Ìdènà 10 ló wà nínú eré 100 mítà onídènà ti àwọn obìnrin, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 83.8 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti sáré débi ìparí, tàbí tó ń yọjú wo ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdènà tó wà níwájú rẹ̀ ló máa gbá.

Èyí tó dùn mí jù ni àwáwí tí wọ́n ń tọ́jú sílẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á pa ìdánrawò jẹ, á máa di itan tí kò dùn ún mú, kó lè rí nǹkan wí bó bá fìdí rẹmi. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní mọ ibi tí agbára rẹ̀ dé. Àwa òbí la sì máa ń kọ́ wọn, nígbà tí a bá pe ọmọ tó pàdánù ní olódo lójú èrò. Ẹ fi ibi tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀ hàn án, ẹ má bú u.

Àṣìṣe ńlá mìíràn ni kéèyàn sọ ìdíje kan di ìdájọ́ ayé rẹ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń sá eré onídènà yìí, ṣe ipò kẹrin níbi ìdíje àgbáyé ní Doha ní 2019, ó tún ṣe ipò kẹrin níbi Òlíḿpíìkì Tókíò ní 2021. Ẹ̀ẹ̀mejì! Kò sá fún ìlà. Ní oṣù Keje 2022, níbi ìdíje àgbáyé ní Eugene ní Amẹ́ríkà, ó sá 12.12 ìṣẹ́jú-àáyá ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló gba wúrà. Níbi Òlíḿpíìkì Paris 2024, kò dé àṣekágbá. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ó padà sí Tókíò fún ìdíje àgbáyé, sórí pápá tó ti ṣe ipò kẹrin lọ́jọ́sí, ó sì gba fàdákà.