Bí mo ṣe tú ìtàn gílídà oníjókòó méjì wò kí n tó sanwó

Duo Discus ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ jùmọ̀ rà ní Amẹ́ríkà, gílídà tí ilé iṣẹ́ Schempp-Hirth ní Jámánì ń ṣe. Apá rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 20 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Kò ní ẹ́ńjìnnì, síbẹ̀ bó bá wà ní kìlómítà kan lókè, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́, ó lè fò tó nǹkan bíi kìlómítà 45 kó tó kanlẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní ohunkóhun ò ṣe é rí. Ẹ̀mí méjì ló ń gbé lọ sókè, torí náà mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu rà á.

Mo kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ FAA, àjọ tó ń forúkọ bàálù sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ nọ́ḿbà N, ìyẹn nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ Amẹ́ríkà, tó wà lára ìrù rẹ̀. Orúkọ olówó rẹ̀ àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ máa parí jáde. Nọ́ḿbà tí ilé iṣẹ́ fún un ni mo yára kọ sílẹ̀. Ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí o: nọ́ḿbà N ṣeé pààrọ̀, wọ́n sì lè fún bàálù mìíràn, àmọ́ ti ilé iṣẹ́ kì í kúrò.

Ojú mi rí i nígbà tí mo dé àkọsílẹ̀ ìjàǹbá NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá bàálù ní Amẹ́ríkà. Àkọsílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ láti 1962. Mo tẹ nọ́ḿbà N yẹn, ìjàǹbá kan sì yọ. Àyà mi já. Àfìgbà tí mo kà á tán ni mo rí i pé bàálù kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan ló ń jẹ́ nọ́ḿbà yẹn kí wọ́n tó ṣe gílídà yìí rárá. Tiwa ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìbàjẹ́ ló ń dé ọ̀dọ̀ NTSB, ni mo bá béèrè fáìlì kíkún lọ́wọ́ ọ́fíìsì FAA ní Oklahoma City. Kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Fọ́ọ̀mù 337, tí wọ́n fi ń kọ àtúnṣe ńlá sílẹ̀, wà níbẹ̀ kan: wọ́n ti tún abẹ́ rẹ̀ ṣe, níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ká wọ̀. Mẹkáníìkì wa ní iṣẹ́ náà dára. Pé olùtà fi pamọ́ fún wa ló dùn mí.

Àṣẹ àbò ló gba àkókò mi jù. Lọ́dún 2003, àwọn aláṣẹ pàṣẹ pé kí wọ́n yẹ inú apá Duo Discus wò, torí wọ́n rí i pé gúlúù ò mú dáadáa lára ọ̀pá inú apá àwọn kan. Ọ̀pá yẹn ló ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù tó bá wá sórí apá. Nínú ìwé ìtọ́jú gílídà wa, ohun tí wọ́n kọ ò ju pé "gbogbo àṣẹ ti pé" lọ. Kò sí ọjọ́, ẹnikẹ́ni ò sì buwọ́ lù ú. Mi ò gbà. Mo ní kí olùtà wá ìwé ìgbà tí gílídà náà ṣì wà ní Jámánì, nígbà tí nọ́ḿbà D, ìyẹn nọ́ḿbà ìforúkọsílẹ̀ Jámánì, ṣì wà lára rẹ̀. Ó gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwé náà dé pẹ̀lú ọjọ́ àyẹ̀wò, òǹtẹ̀, àti nọ́ḿbà ilé iṣẹ́ kan náà.

Nígbà tí a dé ibi tí gílídà náà wà, mo tẹ̀ba wo nọ́ḿbà ilé iṣẹ́ tó wà lára pátákó irin kékeré inú rẹ̀, mo fi wé ti ìwé méjèèjì. Ó bára mu. Ìgbà yẹn la tó sọ̀rọ̀ owó.