Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tà

Ẹ̀yin ará wa l'Óṣogbo, tí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀bùn àbínibí yín ṣòwò, ẹ mú ẹyọ ohun kan tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀ yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ dá iye owó, àkókò àti ààlà sí i. “Mo mọ gèlè wé” kò tó. Ẹ sọ pé: “Gèlè ìyàwó àti ti ìyá rẹ̀, nílé yín, aago mẹ́fà àárọ̀, iye báyìí, ẹ san ìdajì sílẹ̀.” Ìyá ìyàwó tó ń retí àlejò ní Sátidé kò ráyè ìdúnàádúrà, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń sanwó fún. Ẹni tó mọ àdìrẹ oníko dì náà lè kọ́ àlejò tó bá wá ṣọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, kí oníyẹn mú aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ láró lọ sílé. Èyí ló wù mí jù, torí Òṣogbo ìlú aró ni wá. Àmọ́ o, iṣẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò dájú, bíi títún aṣọ tí ẹlòmíràn ti rán bàjẹ́ ṣe, kò gba iye kan náà fún gbogbo èèyàn: ẹ kọ́kọ́ wo aṣọ ọ̀hún kí ẹ tó dárúkọ owó.