Abẹ́rẹ́ tó dá ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì mi dúró fún ọdún kan

Odidi ọdún kan ni mo fi pẹ́ lẹ́nu ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì mi, bẹ́ẹ̀ mi ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan. Máàkì mi dára. Mo ti san owó ilé ìwé. Gbogbo kọ́ọ̀sì tó yẹ kó ṣáájú ni mo ti ṣe. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí mo gbà lọ́jọ́ tí kò yẹ kí n gbà á ló tì mí sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Inú ń bí mi síbẹ̀ di òní, nítorí kò sẹ́ni tó là á yé mi kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Mi ò ní fi àsìkò yín ṣòfò lórí bí wọ́n ṣe ń wọ pọ́tà, ìyẹn ìkànnì tí a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì, bí wọ́n ṣe ń sanwó àti bí wọ́n ṣe ń tẹ fọ́ọ̀mù jáde. Ẹ mọ ìyẹn. Ètò kọ́ọ̀sì ni kí n kọ́kọ́ sọ, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣe dáadáa.

Láti ẹ̀yìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú pépà gbàǹgbà kan, mo kọ sáà ìkẹyìn sí etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, mo wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sápá òsì títí mo fi dé sáà tí mo wà. Kọ́ọ̀sì nọ́ọ̀sì so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ni: bí o ò bá tíì yege nínú Anatomy àti Physiology (ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́) apá kìíní, o ò lè ṣe apá kejì, bí o ò bá sì tíì ṣe apá kejì, Pharmacology, ẹ̀kọ́ nípa oògùn, ò ní ṣí fún ọ, bẹ́ẹ̀ náà ni kọ́ọ̀sì ìtọ́jú àgbàlagbà tó ní pósítìn nínú, ìyẹn iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan mo kọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀ síbẹ̀, mo sì kọ bóyá gbogbo sáà ni wọ́n ń kọ́ ọ tàbí ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún. Èyí tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, mo fi bírò pupa yí i ká.

Mo yọ Microbiology, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí, kúrò nínú sáà tí mo fẹ́ ṣe Physiology apá kejì, torí àwọn méjèèjì ní iṣẹ́ láàbù, wákàtí tí láàbù sì ń jẹ ju iye yunítì tí wọ́n kọ sí i lọ fíìfíì. Mo tún kíyè sí i pé kóòdù kíláàsì yàtọ̀ sí kóòdù láàbù, pé bí ẹ ò bá fi méjèèjì ránṣẹ́ pa pọ̀, pọ́tà á kọ̀ wọ́n. Mi ò fi kíláàsì alẹ́ kankan sí ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú pósítìn ìdájí. Ẹni tó bá ti dúró ti aláìsàn rí pẹ̀lú oorun lójú mọ ìdí rẹ̀. Ẹgbẹ́ mi mẹ́ta ló da pépà náà kọ, inú mi sì dùn.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò kọ sínú rẹ̀ ni abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ tí pọ́tà ṣí, mo ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo tẹ kóòdù ìtọ́jú àgbàlagbà, ọ̀rọ̀ pupa kan sì yọ: àkọsílẹ̀ ìlera mi kò pé, mi ò lè forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì tó ní pósítìn. Mo lọ wo ohun tí wọ́n ń bèèrè. Abẹ́rẹ́ MMR méjì, fún èéyi àti àwọn àrùn méjì mìíràn. Abẹ́rẹ́ mẹ́dọ̀wú B. Àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ẹ̀ẹ̀mejì. Káàdì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń jí ọkàn tó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Wọ́n kàn tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹrù ọjà ni, wọn ò sọ èyí tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, wọn ò sọ èyí tó ń di èkejì lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ 6 ló kù kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀ pósítìn. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ 6 pọ̀ tó.

Káàdì abẹ́rẹ́ ìgbà èwe mi ti sọnù. Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ Ọjọ́bọ̀, mo gba MMR àkọ́kọ́ àti mẹ́dọ̀wú àkọ́kọ́, mo sì wálé tayọ̀tayọ̀. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà, mo padà lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti abẹ́ awọ, èyí tí wọ́n ń fún ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín sí apá, tí wọ́n á wá wò ó láàárín wákàtí 48 sí 72 bóyá ojú ibẹ̀ wú tó sì le. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, abẹ́rẹ́ wo lẹ gbà láìpẹ́ yìí?” Mo dá a lóhùn. Ló bá gbé abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Àlàyé tó ṣe fún mi nìyí. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú MMR. Fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, ara yín lè má dáhùn sí àyẹ̀wò abẹ́ awọ bó ṣe yẹ, kí ẹni tó ní kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ lára sì dà bí ẹni tí kò ní. Nítorí náà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe méjèèjì, tàbí kí ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí àárín. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, mi ò bá a jà. Ohun tó dùn mí ni pé ká ní wọ́n kọ gbólóhùn kan péré síwájú orúkọ àyẹ̀wò yẹn, ọjọ́ kan náà ni ǹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo dúró. Nígbà tí ọjọ́ 28 pé, Ọjọ́bọ̀ ló bọ́ sí. Mo ti gbọ́ pé ọjọ́ 28 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín MMR kìíní àti ìkejì, mo sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn tó sún mọ́ mi. Wọ́n fún mi ní MMR kejì. Mo bèèrè àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n ní àwọn kì í ṣe é ní Ọjọ́bọ̀, nítorí Sátidé àti Sọ́ńdè ni àsìkò àtiwò ó máa bọ́ sí, àwọn kì í sì í ṣíṣẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì. Mo ní kò burú, mo máa wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Ó wo káàdì mi, ó gbé ọwọ́ lérí. Mo ti tún gba MMR. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn.

Mo jókòó sórí àga tó wà níta, mo sunkún. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé 28 ni iye ọjọ́ tó kéré jù lọ, pé kò sẹ́ni tó ní kí n gba ìkejì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ká ní mo fi í di Mọ́ńdè, kí n gba MMR sí apá kan, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò sí apá kejì, ǹ bá ti bọ́.

Mo gba ọ́fíìsì ìlera ilé ìwé lọ. Wọ́n ní kí n lọ bá olùdámọ̀ràn mi. Olùdámọ̀ràn ní ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ìlera ni. Mo padà, wọ́n ní ó wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà. Mo ka ìwé náà láti páálí dé páálí lóru ọjọ́ yẹn. Orúkọ abẹ́rẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀ pósítìn ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, àyẹ̀wò mi kò sì parí títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹwàá, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n ṣe é, ìkejì sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn àkọ́kọ́. Kọ́ọ̀sì tí mo fi bírò pupa yí ká ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Kọ́ọ̀sì mẹ́rin ló rọ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wá káàdì abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó wá kóòdù kọ́ọ̀sì kankan. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ bèèrè bóyá ilé ìwé yín máa gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn pé ara yín ti ní ààbò; ìyẹn lè gbà yín lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ tuntun. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ń gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ náà, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ ò ní padà lọ kí wọ́n wo apá. Ti mẹ́dọ̀wú B ló gùn jù: mẹ́ta ni, ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, ìkẹta ní oṣù kẹfà. Ilé ìwé mi gbà kí n máa bá pósítìn lọ bí mo bá ti gba méjì, àmọ́ ẹ má fọkàn sí i pé tiyín á gbà. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbà á nígbà tí ẹ ṣì wà lẹ́nu Anatomy.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ya pépà mìíràn. Ìlà abẹ́rẹ́ ló wà lókè, ìlà kọ́ọ̀sì wá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé lẹ́yìn tí pọ́tà ṣí, mo ti gba pósítìn tí mo fẹ́, kíláàsì tí mo fẹ́, pẹ̀lú láàbù rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi gan-an. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni mo pàdé àwọn tí a jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí wọ́n ń pín ìwé ìdánwò àtijọ́ láàárín ara wọn. Ìdánwò ìwé àṣẹ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń múra fún. Sáà méjì ló ṣì kù fún èmi.