Èso àti Òdòdó Nínú Ẹrù Yín Nígbà tí Ẹ Bá Ń Ti Hawaii Bọ̀

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò jẹ ni pé ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ni Hawaii. Nígbà tí wọ́n bá ń ti ibẹ̀ padà sí California tàbí Texas, wọ́n rò pé kò sí ẹni tí yóò tú ẹrù wọn wò nítorí èso. Àyẹ̀wò wà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń ṣe é, kí ẹ tó wọ bàálù.

Ní pápákọ̀ òfurufú Honolulu, Kahului tàbí Kona, kí ẹ tó fa àpótí yín lé àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú lọ́wọ́, ẹ gbé e gba inú ẹ̀rọ X-ray ti USDA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, wọ́n á lẹ bébà kékeré mọ́ ọn. Láti ìgbà náà lọ, ẹ má ṣí i mọ́ láti ti èso bọ̀ ọ́. Wọ́n ń yẹ àpò tí ẹ máa gbé dání wò pẹ̀lú.

Eṣinṣin èso ló fa gbogbo wàhálà yìí. Oríṣi mẹ́rin ló wà ní Hawaii, èyí tí wọ́n ń fi Mẹditaréníà pè sì ti wà níbẹ̀ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Abo rẹ̀ máa ń gún èèpo èso, yóò yé ẹyin sínú rẹ̀, ìdin yóò sì máa jẹ ẹran èso náà nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹni tó bá ti gé gúáfà jẹ rí, tó wá rí ìdajì ìdin nínú èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ti mọ èyí, òfin náà kò ní ṣòro láti rántí. Wọ́n gba ọ̀pẹ̀yìnbó àti àgbọn láàyè. Ìbẹ́pẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti tọ́jú kúrò lọ́wọ́ kòkòrò, tó wà nínú páálí tí wọ́n fi òǹtẹ̀ dì, ẹ má sì tú páálí náà títí ẹ ó fi délé. Máńgòrò, gúáfà àti ọsàn tí ẹ já lẹ́yìn ilé ẹni tó gbà yín lálejò kò lè kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ìrèké àti ìgbín ààyè. Kọfí tí wọ́n ti yan kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n èso kọfí tútù ní. Iyẹ̀pẹ̀ kò lè kọjá. Ẹ̀gbà ọrùn òdòdó tí wọ́n ń pè ní lei náà lè bá yín lọ, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ sí ewé tàbí òdòdó ìdílé ọsàn nínú rẹ̀.

Mo ti gbàgbé máńgòrò méjì sáàárín ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi rí. Kí òṣìṣẹ́ tó béèrè ni mo ti rántí, tí mo sì sọ ọ́. Ó yọ wọ́n, ó jù wọ́n nù, kò sì sí owó ìtanràn. Ẹni tó bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ lè san tó 1,000 dọ́là nígbà àkọ́kọ́, bí kì í tilẹ̀ ṣe pé ó fẹ́ tà á. Bí máńgòrò náà bá wù yín púpọ̀, ẹ jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ, kí ẹ sì ju kóró rẹ̀ sínú agolo ìdọ̀tí níbẹ̀.