Àwọn Àṣìṣe tó Wọ́pọ̀ Nípa Òkúta Àtayébáyé Ilẹ̀ Yàgbà

Ẹ má fi gíga òkè mọ ọjọ́ orí òkúta. Àṣìṣe tí mò ń gbọ́ jù láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú ní Ìpínlẹ̀ Kogí nìyí: wọn a ní akọ òkúta, ìyẹn granite, tó ga fíofío ló kọ́kọ́ wà, pé òkúta pẹlẹbẹ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Òkúta pẹlẹbẹ olómáíkà, ìyẹn schist, àti amphibolite tó dúdú bí ewé gbígbó, ti wà nílẹ̀ kí akọ òkúta tó ru sókè láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ní gbígbóná, tó wọ inú wọn, tó sì dì síbẹ̀ ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àlejò kì í ṣáájú ilé tó wọ̀ sí. Ẹ wo ara akọ òkúta dáadáa, ẹ ó rí àfọ́kù schist tó há sínú rẹ̀ níbòmíràn. Ó ga nítorí pé ó le. Òjò àti oòrùn kò tètè jẹ ẹ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà ní tiwọn. Wọ́n kà nípa Barberton ní South Africa, tí òkúta rẹ̀ ti lé ní 3 bílíọ̀nù ọdún, àti Abitibi ní Kánádà tó tó 2.7 bílíọ̀nù, wọ́n wá gbé ọjọ́ orí yẹn lé Ìsánlú lórí. Lóòótọ́ wọ́n jọra: amphibolite wa ti jẹ́ ṣíṣàn iná rí, schist wa ti jẹ́ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi rí. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ló pọ̀ jù nínú tiwa, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó kéré sí tiwọn lọ́jọ́ orí gan-an.

Bí ẹ bá sì rí 550 mílíọ̀nù ọdún nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí òkúta wa, ẹ bèèrè ohun tí wọ́n wọ̀n. Ooru tó gba gbogbo agbègbè yìí kọjá nígbà tí akọ òkúta ń wọlé tún aago inú ọ̀pọ̀ òkúta bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àmì tí àwọn onímọ̀ fi ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń sọ ìgbà tí òkúta tutù kẹ́yìn, kì í sọ ìgbà tí wọ́n bí i. Èyí dùn mí, torí iṣẹ́ ìwádìí tó dára ń bàjẹ́ lórí rẹ̀.

Òkúta irin Àgbájà, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, kò sí nínú ìtàn yìí. Kò tó 100 mílíọ̀nù ọdún.

Ẹ̀yin awakùsà, ẹ má gbẹ́ amphibolite nítorí táńtáláìtì, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń yọ tantalum lára rẹ̀. Inú pegmatite, òkúta funfun tí hóró rẹ̀ tóbi, tó gba àárín àwọn òkúta yìí kọjá ló wà. Ẹ má sì pe gbogbo ohun tó ń dán ní wúrà. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kàn án: máíkà á bó, wúrà á tẹ̀ wọnú láìfọ́.

Òkúta tí ẹ ṣà lẹ́bàá títì kò jẹ́rìí ibi tí ẹ ti rí i, ọkọ̀ lè ti kó o wá láti ibòmíràn. Ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí àpáta ti yọ síta, kí ẹ wo èyí tó gé èkejì kọjá: òun ni àlejò.