Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Oníjìbìtì Inú Eré Tí Òǹwòran Kò Ní Sọ Di Akọni

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ṣe eré orí ìtàgé l'Ákùúrẹ́, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Ẹ kọ oníjìbìtì láti fi í ṣẹ̀sín, eré parí, ìrìn rẹ̀ làwọn ọmọ ń rìn jáde. Mo rí ọ̀kan n'Ìjàpọ̀ tó gbé kóòtù kọ́ èjìká bíi ti ọ̀gá inú eré, tó ń dá àṣà ẹnu rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Láàárín àwọn ọdún 1980, Ken Saro-Wiwa gbé Basi and Company jáde lórí NTA láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń wá owó òjijì l'Ékòó, àmọ́ Mr. B, ọ̀gá àwọn tó ń wá owó òjijì nínú eré náà gan-an, ni àwọn èèyàn wá fẹ́ràn. L'Ámẹ́ríkà, Archie Bunker inú eré tẹlifíṣọ̀n All in the Family (1971) ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tó kórìíra ẹ̀yà mìíràn. Ìwádìí tí Vidmar àti Rokeach tẹ̀ jáde ní 1974 fi hàn pé àwọn tó ti ní ìkórìíra yẹn nínú tẹ́lẹ̀ ló ń gbè sẹ́yìn Archie jù.

Ó yá, ká ní ọ̀gá oníjìbìtì tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ lẹ fẹ́ kọ. Ẹ má gba adùn ẹnu lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá dùn, àgbẹ̀ tó gbà á gbọ́ ló máa dà bí òmùgọ̀.

Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ eré tí wọ́n ń gbé wá fún mi kà, "ẹ ṣé sà" nìkan ni àgbẹ̀ ń sọ. Ẹ fún un lórúkọ: Ìyá Akínyẹmí, ará Ìdànrè. Ẹ jẹ́ ká rí i tó ń sá kòkó, tó ń fẹsẹ̀ rú u lórí ẹní, tó ń sáré kó o wọlé nígbà tí òjò ṣú. Ẹ wá gbé òṣùwọ̀n gidi síta, irú èyí tí wọ́n ń so àpò kọ́, kó kọjú sí òǹwòran. Àpò tó wọn 60 kílò nílé di 52, nítorí pé ọ̀gá ń fi orúnkún ti ìdí àpò sókè bó ṣe ń dá àpárá. Kí ìyá ka owó rẹ̀ sókè, kó yọ owó ilé ìwé, kó yọ owó oògùn kòkó, kó tún un kà. Ẹ má fi orin bò ó. Kí ọ̀gá má sọ nǹkan kan.

Ẹ óò ní, "Ṣebí ọlọ́pàá mú un nígbẹ̀yìn?" Ó ti fi wákàtí kan àtààbọ̀ jayé lójú wa, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n fi mú un. Èwo lọmọ máa rántí? Àárín eré ni kí òṣùwọ̀n yẹn ti wọlé.

Nígbà ìdánrawò, ẹ pe àwọn tí kò mọ eré náà. Ojú wọn ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ìtàgé. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá ń kawó, ẹ padà sórí ìran yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ má bi wọ́n léèrè ẹ̀kọ́ tí wọ́n rí kọ́. Gbogbo ọmọ ló mọ èsì tí olùkọ́ ń fẹ́. Ẹ bi wọ́n pé kí lorúkọ ìyá yẹn. Bí wọn ò bá rántí, iṣẹ́ ṣì kù.

Ẹni tó sì mọ eré ṣe jù nínú yín, òun ni kẹ́ ẹ fi ṣe Ìyá Akínyẹmí.